Kòkòrò Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Fábíyìí, olè ni mo pè é.

Oko ilá bàbá mi wà lẹ́yìn Daagbé, ìlú wa, níbi tí ọ̀nà ti yà sí oko ọ̀pẹ. Mo dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú agbọ̀n eérú lórí mi. Eérú ni a máa ń wọ́n sára ewé ilá kí ìrì tó gbẹ, kí kòkòrò má baà lu ú jálujàlu bí asẹ́. Ìdí ènìyàn kan ni mo rí láàárín poro. Ó dojú bolẹ̀, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́nu, ó ń fa nǹkan.

"Ìwọ olè yìí, dìde níbẹ̀! Kí lò ń mu lára ilá bàbá mi?"

Ó fò dìde, díẹ̀ ló kù kó gbé rọ́bà mì. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò ilá ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

"Pardon, ẹ má bínú. Kì í ṣe ilá ni mò ń kó. Kòkòrò ni."

"Kòkòrò?"

"Iṣẹ́ mi ni. Fábíyìí ni mò ń jẹ́, ará Ifangni níbí ni mí. Yunifásítì Calavi ni mo wà, kòkòrò ni mò ń kà."

Mo rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi mì lórí mi. Àwọn ọkùnrin tí mo mọ̀ ń roko, tàbí kí wọ́n máa fi alùpùpù zém gbé èrò lọ sí Igolo. Eléyìí jí ní ìdájí, ó wá ń fi ẹnu fa kòkòrò.

"Ó dáa," mo wí fún un, "kó gbogbo wọn lọ. Tí àyè kò bá gbà wọ́n nínú ìgò, padà wá lọ́la, wọ́n ṣì kù."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ebè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé mo bi í. Ó ní àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé pọ̀ bí ìlú ńlá, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti pín ìlú náà sí àdúgbò, wọ́n pín àdúgbò sí agbo ilé. Agbo ilé tí òun ń tọpinpin rẹ̀ ń jẹ́ Podagrica. Ọmọ agbo ilé náà méjì péré ni ìwé mọ̀ nínú oko ilá tiwa: ọ̀kan pupa látòkè délẹ̀, èkejì ní ìyẹ́ dúdú. Iṣẹ́ òun ni láti mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta.

Mo gba ìgò náà, mo gbé e sójú oòrùn.

"Mẹ́ta ni," mo wí.

"Méjì ni."

"Mẹ́ta ni mo sọ. Ìwọ wo àwọn oníyẹ̀ẹ́ dúdú wọ̀nyí dáadáa. Ẹsẹ̀ èyí dúdú, ẹsẹ̀ èyí pọ́n bíi wúrà."

"Bon, àwọ̀ ẹsẹ̀ lè yàtọ̀ láàárín ọmọ ìyá kan náà. Ìyẹn kò tó."

"Ìwà wọn ńkọ́?" mo bi í. "Tí o bá fọwọ́ kan ewé, ẹlẹ́sẹ̀ dúdú á fò lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ wúrà kì í fò. Á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, á já bọ́ sílẹ̀ bí òkú. Ọjọ́ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ roko tán ló sì máa ń pọ̀ lórí ilá. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣa wọ́n pẹ̀lú ìyá mi. Ṣé ìwé rẹ ti ṣa kòkòrò rí?"

Ó kàn ń wo ìgò, ó ń wò mí, ó tún ń wo ìgò. Ó dìde, ó béèrè orúkọ mi, mo ní Ọyáyẹmí ni mò ń jẹ́, ó dúpẹ́, ó lọ.

N kò rántí rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni mo ń pa o. Mo rántí rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà. Mo wà níwájú ilé, mò ń gé ilá tí a fẹ́ sá, mo gbọ́ zém lójú títì. Kí zém náà tó dúró ló ti bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn.

"Mẹ́ta ni! Ọyáyẹmí, mẹ́ta ni!"

Gbogbo àdúgbò jáde. Wọ́n rò pé ẹnìkan bí ìbẹta.

Ó ní òun gbé wọn sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní Calavi, òun là wọ́n nínú. Ohun tí akọ ẹlẹ́sẹ̀ wúrà fi ń gun abo kò rí bíi ti ẹlẹ́sẹ̀ dúdú rárá. Òun wá a nínú gbogbo ìwé, kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rí láyé. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ó ń sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, "èmi ni mo ṣìnà."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń ka ìwé yìí. Ọkùnrin tó lè sọ "mo ṣìnà" lójú pópó, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí Fábíyìí kì í wá. A jọ ń mú kòkòrò láàárọ̀, a jọ ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa ní ọ̀sán. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi gúlúù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣónṣó pépà kékeré, tí wọ́n á gún pépà náà ní abẹ́rẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni pépà mìíràn máa ń wà, kò fẹ̀ ju èékánná lọ, tí wọ́n kọ ibi tí a ti mú un sí, ọjọ́ tí a mú un, ewéko tí a ti bá a, àti ẹni tó mú un.

Mo ka ìwé dé ìpele tí wọ́n ń pè ní troisième ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, mo mọ èdè Faransé kà. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ ojú mọ́ àwọn pépà náà.

"Ta ló mú èyí?"

"Ìwọ ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìwọ náà ni. Àwọn tó dáa jù, ìwọ lo mú wọn."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé orúkọ rẹ nìkan ló wà lábẹ́ gbogbo wọn?"

Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Kò ṣàwáwí kankan. Ó tú gbogbo pépà náà kúrò lára abẹ́rẹ́, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ó jókòó, ó sì ń fi bírò ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ tún wọn kọ títí oòrùn fi rọlẹ̀: *Ọyáyẹmí Ògúntọ́lá ló mú un. Ọyáyẹmí Ògúntọ́lá ló mú un.* Mo jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo ń yangàn, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ mí lára bí òjò ṣe ń wọ ilẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pè mí láìgbójú sókè, "mo fẹ́ kí á jọ máa ṣe é títí ayé."

"Kòkòrò mímú?"

"Kòkòrò, ilé, ọmọ, gbogbo rẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Mo ní kó wá rí bàbá mi.

Ìyá rẹ̀, Félicité, kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Aṣọ ló ń tà ní Igolo, ó sì ti ń wo ọ̀nà ìyàwó oníṣẹ́ ìjọba. "Mo rán ọmọ lọ sí Calavi," ó ń wí, "Daagbé ló ti lọ fẹ́ olóko ilá." Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ó gbà nígbẹ̀yìn, wọ́n sì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọjọ́ náà, ilé wa kún. Bàbá mi, Ògúntọ́lá, wọ agbádá tí ó máa ń wọ̀ lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bàbá mi, òun ni àgbẹ̀ tí ilá rẹ̀ kì í padà láti ọjà. Ọkùnrin tó mọyì ara rẹ̀ ni, mo jọ ọ́.

A kí ara wa tán, a jẹun tán, Fábíyìí bá dìde. Ó ní òun mú ẹ̀bùn kan wá tí ẹnikẹ́ni kò fún ìyàwó rẹ̀ rí ní Ifangni. Ó yọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Àwòrán kòkòrò wa wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ wúrà, ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́.

"Wọ́n ti gbà á," ó ń wí tayọ̀tayọ̀. "Orúkọ agbo ilé rẹ̀ ló ṣáájú, orúkọ tí mo sọ ọ́ ló tẹ̀lé e. Títí ayé, ní gbogbo orílẹ̀-èdè, Ọyáyẹmí ni kòkòrò yìí ń jẹ́!"

Ó ń retí àtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó pa á.

Bàbá mi gba ìwé náà, ó wo àwòrán náà lọ títí. "Èyí kì í ṣe kòkòrò tó ń jẹ ilá mi?"

"Òun ni, Bàbá. Ọ̀kan nínú wọn ni."

"Ìyẹn lo fi orúkọ ọmọ mi pè."

"Bàbá, iyì ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa—"

"Nínú ilé tèmi ni a wà." Bàbá mi kò pariwo. Ìyẹn ló burú. "Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ yìí, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu wò, mo fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu wò. Ta lo bi kí o tó mú orúkọ náà lọ fún olè oko? Yí i padà, kí o wá gba ìyàwó rẹ."

Fábíyìí ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, kò ṣeé yí. Òfin iṣẹ́ náà ni. Orúkọ tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ló máa dúró. Èmi tí mo sọ ọ́ gan-an kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

"Ó dáa. Ọyáyẹmí tí o sọ lórúkọ ni kí o fẹ́."

Félicité ti ń di gèlè rẹ̀ le. "Mo sọ ọ́ fún ọ," ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. "Ṣé mi ò sọ ọ́?"

Mo sin Fábíyìí dé ojú ọ̀nà. Ó ń retí kí n dúró tì í, ṣùgbọ́n inú ń bí èmi náà.

"O bi ọ̀gá rẹ ní Calavi," mo wí fún un, "o bi àwọn tó tẹ ìwé. Èmi tí mo ni orúkọ, o kò bi mí."

"Mo fẹ́ fi yà ọ́ lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu."

Mo padà sílé. N kò wẹ̀yìn. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀sín tó tẹ̀lé e, kí Ọlọ́run má fi hàn yín. Philomène tó ń ta ata nítòsí wa lọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ewé ilá tó ti lu sókè, ó ń kígbe: "Ọyáyẹmí, bá ọmọ rẹ wí o! Ó ti jẹ oko mi tán!" Ọjà wó lẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, mo sunkún.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fábíyìí wá bẹ bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi kò jáde sí i. N kò jáde sí i náà. Ìfẹ́ rẹ̀ ń pa mí, àmọ́ n kò jáde.

Ìyá mi ló là mí lójú. A jọ ń wọ́n eérú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá sọ ọ́ bí ẹni pé kò sọ nǹkan.

"Bàbá rẹ kò bínú sí kòkòrò. Ẹwà ló wà lára rẹ̀, èmi náà rí i. Olè ló ń bínú sí. Wọn kì í fi ọmọ ẹni jọ olè."

Mo dúró ṣinṣin pẹ̀lú eérú lọ́wọ́.

Olè. Ta ló rí i pé ó jalè? Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣa ẹlẹ́sẹ̀ wúrà lórí ilá. Mo ti rí i tó jókòó, mo ti rí i tó sá pamọ́, mo ti rí i tó já bọ́. N kò rántí ọjọ́ kan tí mo rí i tí ẹnu rẹ̀ wà lára ewé. Ọjọ́ tí a bá roko tán ló sì máa ń pọ̀. Kí ni a máa ń ro? Èpò etí oko, èyí tí ewé rẹ̀ jọ ewé ilá, tí ẹran gan-an kì í fẹ́ jẹ. Àbí ilé rẹ̀ ni a máa ń wó?

Mo gé àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ kan sí mẹ́rin. Mo fi bo igi ilá mẹ́rin tí ewé wọn ṣì pé, mo so ìdí wọn pa. Mo kó ẹlẹ́sẹ̀ dúdú mẹ́wàá mẹ́wàá sínú méjì, mo kó ẹlẹ́sẹ̀ wúrà mẹ́wàá mẹ́wàá sínú méjì yòókù. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣọ́ wọn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹlẹ́sẹ̀ wúrà bá jẹ ilá, mo ti pinnu lọ́kàn mi pé màá gbé ìtìjú mi, màá sì jẹ́ kí Fábíyìí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo pe bàbá mi wá sóko. Mo ti ránṣẹ́ sí Fábíyìí lórí fóònù: *Máa bọ̀ lóko, má sọ̀rọ̀ tí o bá dé.* Ó dé, ó kí, kò sọ̀rọ̀.

Mo tú àwọ̀n méjì àkọ́kọ́. Ewé ti di asẹ́. Bàbá mi pòṣé.

Mo tú méjì yòókù. Ewé tútù yọ̀yọ̀, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan lára wọn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wúrà wà nílẹ̀ ní ìdí igi. Púpọ̀ nínú wọn ti kú.

"Kí ló pa wọ́n?" bàbá mi béèrè.

"Ebi ni, Bàbá."

"Láàárín ilá?"

"Láàárín ilá."

Mo já èpò etí oko, mo gbé e sáàárín àwọn tó kù. Kí bàbá mi tó fa áṣáà rẹ̀ tán, wọ́n ti gùn ún, wọ́n ti ń jẹ ẹ́. A rí ihò tó là níṣojú wa.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ọ̀kan tó ti kú, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka yí i.

"Ebi pa á kú," ó wí, "kò fọwọ́ kan ohun olóhun." Ó gbójú sókè, ó wò mí, mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀. "Ọmọ mi ni èyí. Ọmọ mi ni, láìṣe àní-àní."

Ó wá kọjú sí Fábíyìí. "Kí lo kọ sínú ìwé rẹ pé ó ń jẹ?"

"Ilá ni mo kọ, Bàbá. Orí ilá ni a ti mú gbogbo wọn."

"Ṣé o rí i tó jẹ ẹ́?"

"Rárá, Bàbá. Mo rò ó ni."

"O rò ó." Bàbá mi dìde. "O ní orúkọ kò ṣeé yí. Ìwà ńkọ́?"

"Ìyẹn ṣeé tún kọ."

"Tún un kọ. Kí o sọ níbẹ̀ pé ìwọ lo ṣìnà, kí o sì sọ ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà."

Mo mọ ohun tí Fábíyìí ń rò. Kò tíì gbèjà thèse rẹ̀, ìwé ìwádìí tó máa fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, níwájú àwọn ọ̀gá. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé olóko ilá Daagbé mọ kòkòrò náà ju òun lọ, wọ́n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo wò ó. Mo ń rántí ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ lórí zém.

"Màá kọ ọ́, Bàbá," ó wí. "Orúkọ Ọyáyẹmí ló máa ṣáájú, tèmi á tẹ̀lé e."

Ó wá yíjú sí mi. Ó kúnlẹ̀ sórí ebè, ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀. "Mo fi orúkọ rẹ tọrẹ láì bi ọ́. Mo jẹ̀bi."

"Bi mí nísinsìnyí."

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé mo lè fi orúkọ rẹ pè é?"

Mo jẹ́ kó dúró díẹ̀ lórí eékún. Ó tọ́ sí i.

"O lè," mo wí.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ìwé kejì jáde, orúkọ mi sì wà níwájú. Àwọn ọ̀gá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gba thèse rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀, àgbà kan láàárín wọn sì béèrè ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo lọ. Mo wọ ìró àti bùbá, mo sọ ọ́ fún wọn ní Faransé, níbi tí Faransé bá tán mo fi Yorùbá parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí bàbá mi ń fà mí lé ìdílé ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ méjì ni mo fún yín. Ọ̀kan ti ṣáájú dé ilé yín, ẹ gba èkejì."

Òótọ́ ni. Lára ògiri pálọ̀ Félicité ní Ifangni ni àpótí onígíláàsì tí wọ́n kó ẹlẹ́sẹ̀ wúrà sí wà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ síbẹ̀, òun ló sì ń fi í han àlejò. "Ìyàwó ọmọ mi ló rí i," ó máa ń wí. "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀." Bí wọ́n ṣe fọ ẹsẹ̀ mi tán lẹ́nu ọ̀nà, tí mo wọlé, ó mú mi lọ́wọ́ dé iwájú àpótí náà.

"Ìyàwó, ẹni yìí ti wà nílé kí o tó dé o. O sì mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fún un lórúkọ ìyàwó. Mo kúnlẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga pẹ̀lú ìbòjú lórí mi.

"Ẹ kú ilé o, Ẹlẹ́sẹ̀-wúrà," mo wí. "Èmi àbúrò yín ti dé."

Ọdún mẹ́ta rèé. Bàbá mi ṣì ń gbin ilá, ilá rẹ̀ kò sì padà láti ọjà rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba ẹ̀yìn Daagbé kọjá, ẹ máa rí i pé ó roko rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi ilà kan ní etí oko tí kò fi ọkọ́ kàn, tí èpò ti dí. Philomène bi í lọ́jọ́ kan bóyá àárẹ̀ ni kò jẹ́ kó ro ibẹ̀.

"Àárẹ̀ kọ́," bàbá mi dá a lóhùn. "Ibẹ̀ yẹn ti ọmọ mi ni."